Kí A Tó Ra Asẹ́ Omi

Nínú agbo ilé kan lẹ́yìn Bẹyẹrúnkà, ní Ìbàdàn, asẹ́ omi dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín ìyá ọkọ àti ìyàwó. Ìyàwó ló rà á: ike alájà méjì, ọ̀kan gun orí èkejì, amọ̀ funfun méjì dúró bí àbẹ́là nínú ti òkè, táàpù kékeré sì wà lẹ́sẹ̀ ti ìsàlẹ̀. Màmá wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Ó ní, "Ìyàwó, omi kànga yìí la fi tọ́ ọkọ rẹ dàgbà. Kí ló ṣe é?" Ìyàwó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Màámi. Kò ṣe nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ kó túbọ̀ mọ́ ni." Màmá kò bá a jà. Ó ju rọ́bà ìfami sínú kànga, ó fa omi, ó bu díẹ̀ sínú ife onígíláàsì, ó sì gbé e sókè sí oòrùn. Omi mọ́ gaara, kò sí pàǹtí kan nínú rẹ̀. Màmá ní, "Ó dáa. Kí lo fẹ́ sẹ́ kúrò nínú èyí?"

Ìbéèrè Màmá gbọ́n ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe rò lọ. Ẹni tí kò mọ ohun tó fẹ́ sẹ́ kúrò kò lè mọ asẹ́ tí yóò rà. Ibi tí Màmá ti ṣì í ni pé ojú ló fi yẹ omi wò, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń pa ènìyàn nínú omi kì í sábà jẹ́ ohun tí ojú ń rí. Ibi tí ìyàwó náà ti ṣì í ni pé ó ra oògùn kó tó béèrè orúkọ àrùn. Àárín àwọn méjèèjì ni òótọ́ wà: ká mọ omi wa ná, ká tó mọ asẹ́ wa.

Ilẹ̀ tí kànga wa ti ń mu omi

Òkúta ni ìdí Ìbàdàn. Òkè Mápó, Arẹ̀mọ àti Mọ́kọ́lá, òkúta líle ló gbé wọn ró, omi kì í sì í gba inú irú òkúta bẹ́ẹ̀ kọjá àfi níbi tó bá ti sán. Lórí òkúta yìí ni ilẹ̀ tó ti jẹrà wà, àdàlù amọ̀ àti yanrìn. Inú ilẹ̀ rírọ̀ yìí ni òjò ń rì sí, ibẹ̀ náà ni àwọn baba wa gbẹ́ kànga dé. Ìdí nìyí tí omi kànga fi ń sún sókè bí òjò bá ti wọlé dáadáa, tó sì ń fà títí rọ́bà yóò fi máa ha ẹrẹ̀ bọ̀ nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú. Omi tó sún mọ́ ojú ilẹ̀ ni. Ohun tí a bá dà sílẹ̀ kì í rìn jìnnà kó tó bá a.

Ilẹ̀ kan náà la gbẹ́ ṣáláńgá sí. Ibùdó ogun ni Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 1829. Àwọn jagunjagun tó tẹ̀ ẹ́ dó kò wá fi okùn wọn ilẹ̀. Agbo ilé fara ti agbo ilé, bí ọmọ sì ṣe ń bí ọmọ ni wọ́n ń kọ́ yàrá kún yàrá. Títí di òní, láàárín Ọjà'ba, Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrúnkà, ilé tí ọkọ̀ tó ń fa ṣáláńgá kò lè dé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera a máa sọ pé, ó kéré tán, kí mítà 30 wà láàárín kànga àti ṣáláńgá. Ìṣísẹ̀ àgbàlagbà bí ogójì nìyẹn. Ṣáláńgá aládùúgbò wà nínú ìṣirò yìí o, nítorí pé ògiri tó pààlà ilé méjì kò dé abẹ́ ilẹ̀ níbi tí omi ti ń pàdé. Bí ṣáláńgá bá tún wà lókè tí kànga wà nísàlẹ̀, ewu lé síwájú sí i: omi abẹ́ ilẹ̀ náà mọ ìdàgẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń gbé ẹsẹ̀ òkè Mápó gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ju ẹni tó ń gbé orí rẹ̀ lọ.

Ìjọba ti gbìyànjú láti gbà wá lọ́wọ́ kànga. Ní 1942, omi Ẹlẹ́yẹlé bẹ̀rẹ̀, láti ara odò Ọnà. Nígbà tí ìlú ju ti Ẹlẹ́yẹlé lọ, wọ́n dí odò Ọ̀ṣun ní Àṣèjìrẹ́, lọ́nà Ifẹ̀, omi ibẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìlú ní 1972. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí omi níbẹ̀ kò ṣòro láti yé: wọ́n á da álọ́ọ̀mù sí i kí ìdọ̀tí lè ṣù pọ̀, wọ́n á jẹ́ kó silẹ̀, wọ́n á gba inú yanrìn sẹ́ ẹ, wọ́n á sì fi kílóríìnì pa kòkòrò tó kù. Bí omi yẹn bá dé ẹnu ẹ̀rọ bó ṣe kúrò níbẹ̀, a kò nílò asẹ́ kankan nílé. Ọ̀nà ló ń bà á jẹ́. Páìpù tó bá ti jò ń tu omi jáde nígbà tí omi bá ń sáré nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí omi kò bá wá, inú páìpù ṣófo, á wá máa fa omi gọ́tà tó dúró yí i ká mọ́ra. Nígbà tí omi bá wá dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tí gbogbo ilé pariwo "omi ti dé o", tí wọ́n sì sáré gbé garawa, garawa àkọ́kọ́ ló burú jù.

Ká má gbàgbé omíyalé. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 tí Ògùnpa kún àkúnya, àti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 tí omi tún ya wọ ilé káàkiri Ìbàdàn, ilé àti ẹ̀mí tó bá a lọ ni gbogbo ènìyàn ń rántí. Àwọn kànga tí àgbàrá bò mọ́lẹ̀ kì í sí nínú ìròyìn. Bẹ́ẹ̀, kànga tí àgbàrá bá ti wọ̀ ti di gọ́tà tó jìn. Ó dìgbà tí a bá fà á gbẹ, tí a fọ ara rẹ̀, tí a sì fi kílóríìnì pa kòkòrò inú rẹ̀, kó tó tún lè máa jẹ́ kànga.

Ohun mẹ́rin tó lè wà nínú omi

Bí a bá kó gbogbo ẹ̀sùn tí a lè fi kan omi jọ, wọn kò ju mẹ́rin lọ. Ìkíní ni ìdọ̀tí tí ojú ń rí: ẹrẹ̀, ewé, ìpẹ́tà irin. Ìkejì ni kòkòrò àrùn tí ojú kò rí, èyí tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, táífọ́ọ̀dù, onígbáméjì àti àrùn mẹ́dọ̀wú. Ìkẹta ni ohun tó ti yòrò pátápátá sínú omi bí iyọ̀ ṣe ń yòrò sínú ọbẹ̀. Ìkẹrin ni òórùn àti adùn burúkú. Asẹ́ tó kápá ọ̀kan nínú wọn lè má kápá èkejì rárá. Ẹni tó bá gbàgbé èyí ni oníṣòwò ń rí mú.

Aṣọ ni asẹ́ tó lọ́jọ́ lórí jù nílé Yorùbá. Ta ni kò mọ ìyá tó ń so àjákù aṣọ mọ́ ẹnu ẹ̀rọ tàbí ẹnu ìkòkò? Ẹ má fojú di í. Ní Ìdèrè, nílẹ̀ Ìbàràpá, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa níbí, aṣọ ṣe ohun tí oògùn kò rí ṣe. Nígbà kan rí, sòbìà ń yọ ọmọ ìlú lẹ́nu níbẹ̀ lọ́dọọdún. Aràn yìí lè gùn tó mítà kan, ẹsẹ̀ ló sì sábà máa ń gbà jáde, ní àkókò tí àgbẹ̀ nílò ẹsẹ̀ rẹ̀ jù. Inú kòkòrò tín-ín-tín kan tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi adágún ni ọmọ sòbìà máa ń wà. Ẹni tó bá mu kòkòrò náà ti gbé sòbìà mì, á sì tó bí ọdún kan kó tó yọ. Bí alárùn bá wá ti ẹsẹ̀ bọ inú adágún kí ara lè tù ú, sòbìà á tú ọmọ sínú omi, àyípoyípo á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980 sí 1990, àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìlera láti Yunifásítì Ìbàdàn bá àwọn ará Ìdèrè ṣiṣẹ́. Àwọn télọ̀ ìlú ló rán asẹ́ aláṣọ ọ̀rá tí ihò rẹ̀ kéré, àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ ìlera ló sì ń tà á fún ará ilé wọn. Nígbà tí wọ́n ka alárùn sòbìà káàkiri Nàìjíríà ní 1987 sí 1988, wọ́n lé ní 650,000. Asẹ́ aṣọ, omi kànga ẹ̀rọ, oògùn adágún àti ìkìlọ̀ ilé dé ilé ló lé e lọ. Ní 2008 la rí alárùn tó kẹ́yìn, ní ìpínlẹ̀ Enugu. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé sòbìà ti tán nílẹ̀ wa.

Ó tún ya ni lẹ́nu pé ní Bangladesh, níbi tí onígbáméjì ti wọ́pọ̀, àwọn onímọ̀ kọ́ àwọn obìnrin pé kí wọ́n ká ògbólógbòó aṣọ sárí ní ìlọ́po mẹ́rin ó kéré tán, kí wọ́n sì fi sẹ́ omi odò. Onígbáméjì dín kù ní ìwọ̀n tó sún mọ́ ìdajì, nítorí pé kòkòrò onígbáméjì a máa lẹ̀ mọ́ ara àwọn kòkòrò ńlá inú omi. Ògbólógbòó aṣọ sì dára ju tuntun lọ: òwú tí a ti fọ̀ láìmọye ìgbà ti wú, ihò rẹ̀ ti dí díẹ̀. Àmọ́ ibi tí agbára aṣọ dé nìyẹn. Kòkòrò táífọ́ọ̀dù tó dá wà nínú omi kànga kéré débi pé bí ìgbà tí àgbàdo ń bọ́ láàárín ìka ni aṣọ ṣe rí lójú rẹ̀. Aṣọ ẹnu ẹ̀rọ ń gba ìdọ̀tí. Kì í gba àrùn ṣáláńgá.

Yanrìn ju aṣọ lọ. Ní 1892, onígbáméjì wọ Hamburg ní Jámánì, ó sì pa èèyàn tó lé ní 8,000. Altona wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí Bẹẹrẹ ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mápó. Ibì kan wà tí ojú títì kan péré ló pa wọ́n láàlà. Odò Elbe kan náà ni ìlú méjèèjì ń mu, àní ìsàlẹ̀ ni Altona ti ń pọn tirẹ̀, níbi tí ìgbẹ́ Hamburg ti dà á. Àmọ́ Altona ń jẹ́ kí omi rọra gba inú yanrìn kó tó dé ilé. Hamburg kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Àjàkálẹ̀ náà dé ààlà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró síbẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí yanrìn ní agbára yìí ni awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yọ̀, tó máa ń hù sórí rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, tí àwọn ohun alààyè inú rẹ̀ ń pa kòkòrò àrùn jẹ. Ìdí nìyẹn tí garawa oníyanrìn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ to lánàá kò tíì jẹ́ asẹ́.

Àmù kọ́ ni asẹ́

Amọ̀ la wá kàn, òun ló wà nínú ike tí ìyàwó rà. Àwọn àgbà máa ń sọ pé kò sí ohun tuntun nínú rẹ̀, ṣebí inú àmù ni gbogbo wa ti ń mu omi, amọ̀ sì ni àmù. Ọ̀rọ̀ yìí dùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo àmù dáadáa. Ẹ fi ọwọ́ pa á lára láàárọ̀: ó ń làágùn. Omi inú rẹ̀ ló ń gba ihò ara amọ̀ jáde, tí afẹ́fẹ́ sì ń gbé e lọ. Ìyẹn ló ń mú kí omi àmù tutù. Omi tó làágùn jáde yẹn ni amọ̀ ti sẹ́. Èyí tí à ń fi ife bù mu láti inú kò gba ibì kan kọjá. Bó ṣe wọlé ló ṣe wà. Ẹni tó ṣe asẹ́ amọ̀ kàn yí àmù padà ni: ó ní kí a máa mu òógùn rẹ̀.

Ní 1884, ní Paris, Charles Chamberland tó ń bá Louis Pasteur ṣiṣẹ́ ṣe irú amọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ihò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí bakitéríà kò lè gbà á kọjá. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, Dmitri Ivanovsky ní Rọ́ṣíà fi irú rẹ̀ sẹ́ omi ara ewé tábà tó ní àrùn, ó sì rí i pé omi tó jáde ṣì ń ko àrùn ran ewé mìíràn. Ibẹ̀ ni ayé ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé ohun kan wà tó kéré ju bakitéríà lọ, èyí tí a wá ń pè ní fáírọ́ọ̀sì. Ẹ̀kọ́ náà kan ilé wa gbọ̀ngbọ̀n: asẹ́ amọ̀ tó dára ń dá kòkòrò táífọ́ọ̀dù àti onígbáméjì dúró, ṣùgbọ́n kòkòrò rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀, ti àrùn mẹ́dọ̀wú àti èyí tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru àwọn ọmọdé lè gbà á kọjá. Nítorí náà, níbi tí kànga bá ti sún mọ́ ṣáláńgá, kí a sẹ́ omi, kí a sì tún kán kílóríìnì sí i.

Èédú tí wọ́n ń fi sínú asẹ́ mìíràn ń gba òórùn àti adùn burúkú, ó sì mọ iṣẹ́ yẹn gan-an. Kì í pa kòkòrò. Bí a bá fi í sílẹ̀ kọjá ìgbà tó yẹ ká pààrọ̀ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á di ilé kòkòrò. Ẹ̀rọ ńlá tó ń fi ipá ti omi gba inú awọ dídí wà pẹ̀lú, tí àwọn oníṣẹ́ píọ̀ wọ́tà kan ń lò. Òun ló lè yọ iyọ̀ àti ohun tó ti yòrò. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ iná mànàmáná, ó fẹ́ omi tó ń sáré, ó sì ń da omi tó pọ̀ nù kó tó fún wa ní díẹ̀. Ẹni tó ń fi orí ru omi gun òkè Mápó kò ní rí omi tí yóò dà nù.

Ohun tó ti yòrò yìí ló kù tí mo fẹ́ fi kìlọ̀ fún àwọn abiyamọ. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ tó ń jò láti ṣáláńgá ń di ohun tí wọ́n ń pè ní náítréètì nínú ilẹ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò ní adùn. Àgbàlagbà lè máa mu díẹ̀díẹ̀ rẹ̀ kó má mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ nínú omi tí a fi po mílíìkì fún ọmọ ọwọ́, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ gbé èémí bó ṣe yẹ. Ètè ọmọ á máa yí sí àwọ̀ aró. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà omi kan, iye yẹn náà ni òfin Nàìjíríà gbà. Asẹ́ amọ̀ kò lè yọ ọ́. Sísè kò lè yọ ọ́. Àní bí omi ṣe ń fà nínú ìkòkò lórí iná ni náítréètì ń ki sí i. Ọmú ìyá kò ní ìṣòro yìí. Ẹni tó bá gbọ́dọ̀ fi omi po mílíìkì fún ọmọ ọwọ́ nínú ìlú àtijọ́, kó má fi omi kànga ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá pò ó, kódà bó ti sẹ́ ẹ, tó tún sè é.

Iná àti kílóríìnì

Àwọn ọ̀nà méjì kan wà tí kò fẹ́ asẹ́. Bí omi bá ti hó, tó ń yí gbùdù-gbùdù fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kò sí kòkòrò àrùn tí à ń bẹ̀rù tó kù láàyè nínú rẹ̀, ì báà ṣe bakitéríà, ì báà ṣe fáírọ́ọ̀sì. Owó gáàsì tàbí èédú ni ìṣòro, àti sùúrù tí a ó fi dúró kó tutù. Èkejì ni kílóríìnì inú ìgò kékeré, irú Water Guard tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn. Kí a ka ìwọ̀n tó wà lára ìgò, kí a kán an, kí a rò ó, kí a sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Omi tó dọ̀tí ń jẹ agbára kílóríìnì tán kó tó kan kòkòrò, nítorí náà kí a kọ́kọ́ fi álọ́ọ̀mù jẹ́ kí omi silẹ̀, tàbí kí a fi aṣọ sẹ́ ẹ. Álọ́ọ̀mù nìkan kò tó o. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé omi tí álọ́ọ̀mù ti mú kó dá ṣáká ti di mímu. Ẹrẹ̀ ló kó lọ sísàlẹ̀, kò pa gbogbo kòkòrò.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kànga tí kò ní ìdérí, tí ìyá kan ń fọ aṣọ lẹ́bàá rẹ̀, tí adìyẹ ń fò lé létí, tí rọ́bà ìfami ń sùn sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sí asẹ́ tí yóò rí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe tán. Kí a fi sìmẹ́ńtì yí ẹnu kànga ká kí omi ìdọ̀tí má baà padà sínú rẹ̀. Kí ríìngì òkè dí pinpin, nítorí pé láti ẹ̀gbẹ́ òkè ni àgbàrá ń gbà wọlé. Kí rọ́bà ìfami jẹ́ ẹyọ kan fún gbogbo ilé, kó sì ní ibi tí a ń fi í kọ́. Owó sìmẹ́ńtì yìí lè má tó owó asẹ́ tó dára, gbogbo agbo ilé ló sì máa jàǹfààní rẹ̀, títí kan àwọn tí kò dá kọ́bọ̀.

Ta ló yẹ kó rà á?

Ẹni tí omi ẹ̀rọ ìjọba ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ déédéé, kó da garawa àkọ́kọ́ nù, kó tọ́jú ìyókù sínú ohun èlò tó ní ìdérí àti táàpù, kó sì máa kán kílóríìnì sí i. Kò nílò asẹ́ amọ̀. Ẹni tí bọ́hóòlù rẹ̀ ń fi àwọ̀ ìpẹ́tà sára aṣọ funfun, irin ló wà nínú omi rẹ̀. Asẹ́ amọ̀ á kàn máa dí ni. Kó gbé omi lọ sí ilé àyẹ̀wò, kó mọ irú asẹ́ irin tó yẹ. Ẹni tó ń ra píọ̀ wọ́tà fún mímu, kó wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀, kó má ra èyí tó ti ń sùn sínú oòrùn, kó sì ṣírò iye àpò tí ilé rẹ̀ ń mu lóṣù. Ó lè jẹ́ pé owó oṣù mélòó kan ti tó ra asẹ́. Ẹni tó ń mu omi kànga ìlú àtijọ́, tí ìṣísẹ̀ kò pé ogójì, tó sì ní ẹni tí yóò máa tọ́jú asẹ́, òun ló yẹ kó rà á.

Mo ní "ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀" nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ asẹ́ kú sí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́. A ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́. A ó tú amọ̀ kúrò nídìí ike, a ó gbé e sínú abọ́ omi mímọ́. Ara rẹ̀ tó funfun nígbà tí a rà á ti di àwọ̀ ilẹ̀, ó sì ń yọ̀ bí ilá. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí ẹnìkan kò lò rí la ó fi rọra fọ̀ ọ́ láti orí dé ìdí, láìlo ọṣẹ, títí funfun yóò fi tún yọ. A ó yí i wò nínú ìmọ́lẹ̀: bí a bá rí ojú ìlà tín-ínrín bí irun, ó ti sán, ó ti di ẹrù àkìtàn. Nígbà tí a bá dá a padà, kí a rí i pé wáṣà rọ́bà ìdí rẹ̀ jókòó dáadáa, nítorí pé omi tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wáṣà kò gba inú amọ̀. Ike ìsàlẹ̀ la ó fi ọṣẹ fọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Asẹ́ amọ̀ kì í yára. Ńṣe ló ń kán tó, tó, tó. Bí ó bá ṣàdédé ń ṣàn ṣọ̀ọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ká má dunnú o. Ó ti fọ́ ni. Kí ẹnikẹ́ni má sì ti ife bọ inú omi tí a ti sẹ́. Ọwọ́ ọmọ tó ti ilé ìgbẹ́ bọ̀ lè ba iṣẹ́ gbogbo òru jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nílé Bẹyẹrúnkà ọjọ́ yẹn, ìyàwó kò bá ìyá ọkọ rẹ̀ jiyàn lórí ife gíláàsì. Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká ka ìṣísẹ̀." Wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ láti etí kànga, Màmá níwájú, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, títí wọ́n fi dé ẹnu ṣáláńgá. Mẹ́tàdínlógún ni. Màmá dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé asẹ́ náà wọ yàrá òun, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ kò ti ní máa fi í ṣeré, kí ẹnìkan sì lọ bi bíríkìlà iye tí yóò gbà láti fi sìmẹ́ńtì ká ẹnu kànga.

Ẹ̀yin náà, kí owó tó kúrò lápò yín, ẹ dìde, ẹ ka tiyín.